Kẹ̀kẹ́ Tó Yà Kí Bàṣírù

Ní Otu, bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Ládòkun, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Débọ́lá, kẹ̀kẹ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ mẹ́nu bà fún yín. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Ramlah, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá ṣe ìwádìí ní ìlú náà, ni, èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ nínú kíláàsì kan tó ṣófo nígbà ìsinmi, tó ní pẹ́dàlì, tó ní ìjókòó, ṣùgbọ́n tí kò ní táyà. Ẹni tó bá wà á láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò ní kúrò lójú kan. Orí kẹ̀kẹ́ yìí ni Bàbá Débọ́lá jókòó sí lọ́jọ́ náà, ó wà á fún ìṣẹ́jú méjì, ó dúró, ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó ní òun ti dé iwájú àgọ́ Bàṣírù ọ̀rẹ́ òun, kò sì yẹ kí òun kọjá láì kí i.

Ramlah ní, "Bàbá, ẹ ò tíì dé ibì kankan."

"Ìwọ ni o ò mọ ọ̀nà," ni bàbá dá a lóhùn. "Ọmọ Ṣakí ni ọ́. Láti ilé mi dé ọ̀dọ̀ Bàṣírù kò jù báyìí lọ."

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìtàn ìlú ni pé Bàṣírù fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn àgbà yòókù, ó ń dúró kí ó kàn án. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí i, kò rẹ́rìn-ín. Ó dáhùn bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀: ó ní a dúpẹ́, ó béèrè Débọ́lá, ó béèrè àwọn ọmọ Débọ́lá, ó béèrè iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Bàbá Débọ́lá dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó kíra tán, ìṣẹ́jú mẹ́rin ti lọ. Bàbá gbẹ́sẹ̀ lé pẹ́dàlì padà, ó ní ó dàbọ̀, òun ń lọ sóko.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ó tún dúró. Ó ní ẹnu ẹ̀rọ ìlọta Àwáwù nìyẹn, ó sì béèrè bí epo dísẹ́ẹ̀lì ṣe wà. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó dé ṣọ́ọ̀bù Festus, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná bàtà òjò. Festus kò sí níbẹ̀. Bàtà òjò kò sí níbẹ̀. Ramlah ló wà níbẹ̀, ó di tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Ẹ má dá ọmọbìnrin náà lẹ́bi. Ó ń kàwé oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì kan ní Ìbàdàn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n sì fi yá a ní àwọn irinṣẹ́ náà. Àgbà méjìlá ló nílò. Mọ́kànlá ti wá, wọ́n ti ṣe é, wọ́n ti lọ, tàbí wọ́n ń dúró jẹ́ẹ́ kó kàn wọ́n. Ẹni kejìlá ni Bàbá Débọ́lá.

Iṣẹ́ tó gbé wá kò sì le láti yé ènìyàn. Bí a bá ń ṣiṣẹ́, ẹran ẹsẹ̀ wa a máa lo ọ́síjìn, ìyẹn èyí tó ń gbé ẹ̀mí ró nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé e lọ síbẹ̀. Ramlah fẹ́ mọ bí èyí ṣe ń lọ lẹ́sẹ̀ àwọn àgbà tó ti fi àádọ́ta ọdún kọ ebè. Nǹkan kékeré kan wà tí kò ju páálí ìṣáná lọ, ó ń fi aṣọ dì í mọ́ ẹran ẹ̀yìn ojúgun, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó ń tan iná pupa sínú ẹran, bí iná náà bá sì ṣe padà wá ni yóò fi mọ iye ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀, yóò wá máa fa ìlà lójú tábúlẹ́ẹ̀tì. Bí ẹsẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ìlà á wálẹ̀. Bó bá sinmi tí ẹ̀jẹ̀ tuntun dé, ìlà á gòkè padà.

Bàṣírù ló tètè yé jù. Fọ́kanáísà ni, ó ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ní Otu láti ìgbà tí kẹ̀kẹ́ ti pọ̀ ju ọ̀kadà lọ. Ó ní géèjì tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn táyà ni. Ó ní ohun tí Ramlah ń ṣe sí ẹsẹ̀ ni òun ń ṣe sí táyà, àfi pé táyà kì í bá òun jiyàn.

Bàbá Débọ́lá kò mọ ohun mìíràn ju iyàn lọ. Kí ènìyàn tó gun kẹ̀kẹ́ rárá, ó gbọ́dọ̀ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láì sọ̀rọ̀, láì mira, kí Ramlah lè mọ ibi tí ìlà rẹ̀ wà nígbà ìsinmi. Bàbá ní márùn-ún ti pọ̀ jù, kó gba méjì. Ramlah ní wọn kì í ná an. Ó ní kò sí ohun tí wọn kì í ná, ó wá gbé e dé méjì ààbọ̀. Nígbà tó jókòó tán, fèrèsé kọjú sí ojú ọ̀nà, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń sọ pé ẹ kú ìjókòó o, kò sì jẹ́ kí ìkíni ẹnì kankan ṣubú lulẹ̀. Ramlah ti fèrèsé. Ó yí àga bàbá kọjú sí ògiri. Nígbà tó ku díẹ̀ kí márùn-ún pé, ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn ògiri.

"Pẹ̀lẹ́ o," ni Bàbá Débọ́lá wí. "Ta ni yẹn?"

Ó tún ku rọ́bà. Rọ́bà ńlá kan ni, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á wé e mọ́ itan, wọ́n á fẹ́ ẹ títí yóò fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró díẹ̀, wọ́n á wá tú u lójijì láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára padà wọlé. Bàbá ní ewúrẹ́ nìkan ni òun mọ̀ tí wọ́n ń so lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn àròyé wákàtí kan, ó gbà fún ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ti òsì, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ òsì kò sí nínú ohun tí àwọn jọ sọ.

Ramlah rò pé oríkunkun ni. Gbogbo Otu ló rò bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe orí kẹ̀kẹ́ ni bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Láti ilé rẹ̀ dé oko, ibi tí ẹlòmíràn ń rìn ní ìdajì wákàtí, ó lè gba Bàbá Débọ́lá ní odindi àárọ̀. Ó gbọ́dọ̀ yà sọ́dọ̀ Bàṣírù, tí àgọ́ rẹ̀ wà ní igba ìṣísẹ̀ sí ilé rẹ̀, lábẹ́ igi òrí. Yóò yà sí ẹnu ẹ̀rọ Àwáwù. Yóò yà sí ṣọ́ọ̀bù Festus. Lẹ́yìn ìyẹn ni igi kaṣú kan wà níbi tí ìlú ti tán, yóò dúró níbẹ̀ náà, bí kò bá rí ènìyàn, yóò kí àwọn màlúù Fúlàní. Ẹni tó bá bá a rìn lọ síbi ìgbéyàwó, àwo tí wọ́n ń fọ̀ ni yóò bá.

Festus ló jìyà jù. Ó tó ọdún mẹ́rin tí bàbá fi ń ná bàtà òjò kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀, láàárọ̀ láàárọ̀, láì gbé e láì fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, inú bí Festus, ó ní kó mú un ní iye tó ń pè é yẹn. Bàbá gbé bàtà náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní ó dun òun pé kì í ṣe aláwọ̀ ewé.

Bàṣírù nìkan ni kì í bínú. Bẹ́ǹṣì kan wà ní iwájú àgọ́ rẹ̀ tó máa ń fi àkísà nù láràárọ̀. Bí oníbàárà bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, Bàṣírù á ní kó dúró síbi táyà rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè ìdí, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kọjá níwájú mi. Ládòkun ló ń yà." Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí ni ìgbéraga rẹ̀ wá di ńlá. Ó ń sọ fún àwọn ọlọ́kadà pé ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ tí kò rìn tó sì tún mọ̀nà wá sọ́dọ̀ òun.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ náà, sùúrù Ramlah tán. Ó tú nǹkan náà kúrò lẹ́sẹ̀ bàbá, ó ní kó máa lọ, kó lọ kí ẹni tó bá fẹ́ kí, òun kò lò ó mọ́. Ó sọ ọ́ kíkan kíkan, níwájú àwọn àgbà. Bàbá dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀ ní Ṣakí, ó sì lọ.

Ní Ìbàdàn, Ramlah jókòó ti àwọn ìlà náà, ó fẹ́ pa ti Bàbá Débọ́lá rẹ́ kúrò láàárín wọn. Kó tó pa á rẹ́, ó wò ó. Ìlà ẹsẹ̀ ọ̀tún wálẹ̀ díẹ̀ bí bàbá ti ń wa kẹ̀kẹ́, bó ti dúró, kò pé ìdajì ìṣẹ́jú tó fi gòkè. Ìlà ẹsẹ̀ òsì wálẹ̀, ó ń wálẹ̀, ó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló gbà kó tó padà sókè. Ramlah wo àkókò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ìlà òsì dé ìsàlẹ̀ gan-an ni bàbá ní òun dé iwájú Bàṣírù. Ìgbà tó gòkè tán gan-an ni wọ́n kíra tán. Bẹ́ẹ̀ ló rí lẹ́nu ẹ̀rọ Àwáwù. Bẹ́ẹ̀ ló rí níbi bàtà òjò.

Ó wá yé e. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ òsì ti ń dí. Bí ẹsẹ̀ náà bá ti rìn díẹ̀, ọ́síjìn á tán nínú rẹ̀, yóò máa ro bàbá bí ohun tí wọ́n ń fún lọ́rùn, àfi kó dúró kí ẹ̀jẹ̀ tó tún dé. Ó ń dúró, ó sì ń fi ìkíni bo ìdúró náà. Ramlah rántí bó ṣe jágbe mọ́ ọn níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ojú tì í, ó sì sunkún díẹ̀.

Oko ló ti bá bàbá nígbà tó padà sí Otu, ó ń kọ ebè. Bàbá ní kò sí nǹkan tó ṣe ẹsẹ̀ òun. Ramlah fi ìlà náà hàn án. Bàbá wò ó títí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná àìsàn.

"Ká sọ pé ó ń dùn mí díẹ̀."

"Láti ọdún mélòó, Bàbá?"

"Ọdún méjì."

"Bàbá."

"Ó dáa, mẹ́rin."

Ramlah tún na tábúlẹ́ẹ̀tì náà sí i. Bàbá fi ọkọ́ lélẹ̀. "Mẹ́jọ ni," ló wí. "Má jẹ́ kí Débọ́lá gbọ́."

Débọ́lá ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ó ń gbé ní Ìbàdàn lórí ilé alájà mẹ́ta. Ó ti kun yàrá kan ní ọ̀dà fún bàbá rẹ̀, ó sì ti búra pé ọjọ́ tí nǹkan kan bá ṣe é ni òun yóò wá kó o. Bàbá ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní òun kí ọkùnrin kan lórí àtẹ̀gùn, ọkùnrin náà sì wo ẹ̀yìn láti mọ ẹni tí wọ́n ń kí. Òun kò lè gbé irú ibẹ̀ kí òun má kú.

"Bàṣírù náà kò gbọdọ̀ gbọ́," ni bàbá tún wí. "Bó bá gbọ́, àárọ̀ ọ̀la ni yóò gbé ọ̀kadà wá sẹ́nu ọ̀nà mi, yóò máa gbé mi lọ sóko bí àpò gààrí. N kò ní tún rìn mọ́ láyé yìí."

Ramlah gbà láti pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n ó ní nǹkan méjì wà tí bàbá gbọ́dọ̀ ṣe: yóò lọ sí ilé ìwòsàn, yóò sì jáwọ́ nínú tábà, nítorí tábà ló ń dí iṣan náà jù. Bàbá gba ti ilé ìwòsàn. Ti tábà, ó ní òun yóò dín ìkòkò méjì kù nínú mẹ́rin tí òun ń fà lójúmọ́. Ó tún ní mẹ́ta. Ó ní òun yóò kàn máa fi í sẹ́nu láì tan iná sí i. Ramlah jókòó sórí ebè tí bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ó ní òun kò ní dìde. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, bàbá gbé ìkòkò tábà lé e lọ́wọ́. Òun nìkan ni ẹni tó tíì ná ọjà borí Bàbá Débọ́lá, kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ilé ìwòsàn kan ní Ṣakí, dókítà wọn ìfúnpá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ti apá, ó fún un ní oògùn, ó wá sọ ìwòsàn tó kù fún un. Ó ní kó máa rìn lójoojúmọ́. Kó rìn títí yóò fi dùn ún, kó fara dà á díẹ̀ sí i, kó dúró títí tí ìrora náà yóò fi lọ, kó tún máa rìn. Bí ẹsẹ̀ bá ń gba irú èyí, ẹ̀jẹ̀ yóò wá ọ̀nà mìíràn gbà.

Bàbá Débọ́lá kọjú sí Ramlah. Ó ní ṣé ó gbọ́, iṣẹ́ tí òun ti ń ṣe láti ọdún mẹ́jọ ni wọ́n wá ń kọ síwèé fún òun yìí. Dókítà béèrè bóyá ó ní ibi tó lè máa sinmi sí lọ́nà. Bàbá ní ẹ kọ Bàṣírù síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni Ramlah ń tún irinṣẹ́ náà yá wá wo ẹsẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni bàbá sì ń bí i nínú. Bàbá kì í wà nílé lákòókò tí wọ́n jọ sọ. Bó bá wà, yóò ti fi nǹkan náà sí orí ojúgun dípò ẹ̀yìn rẹ̀, yóò ní ibẹ̀ ló tutù. Ó ń sọ fún àwọn ará ìlú pé ìjọba ló ní kí Ramlah máa wá kọ́ ìrìn lọ́dọ̀ òun. Ramlah á gba ọkọ̀ padà sí Ìbàdàn, á máa sọ̀rọ̀ ní òun nìkan títí dé Ìsẹ́yìn. Síbẹ̀, ìlà òsì ń gòkè. Lọ́dún kejì, ẹsẹ̀ náà ń gbé e kọjá igba ìṣísẹ̀ láì ro ó rárá.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Lọ́jọ́ kan inú bàbá dùn sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́ mọ ibi tó lè gbé e dé, ó tẹjú mọ́ ọ̀nà, ó ń ka ìṣísẹ̀, ó sì kọjá níwájú Bàṣírù láì yà. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, ó lọ. Bàṣírù dìde dúró pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, táyà tírélà ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Bí Bàbá Débọ́lá bá kí i, yóò wo inú omi tó fi ń yẹ tíúbù wò.

Bàbá pe Ramlah lórí fóònù. "Ramlah, ẹsẹ̀ tí o bá mi tún ṣe ti bà mí lọ́rẹ̀ẹ́ jẹ́."

Ramlah ní kó sọ òótọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ parí. Bàbá bínú. Ó ní bí òun bá sọ fún Bàṣírù pé ẹsẹ̀ ló ń dá òun dúró tẹ́lẹ̀, Bàṣírù yóò ní ẹsẹ̀ ló ń kí òun láti ọjọ́ yìí, kì í ṣe Ládòkun, kí ni òun yóò wá sọ? Ọjọ́ mẹ́jọ ni ìjà náà gbà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, bàbá lọ láàárọ̀ kùtù, ó gun orí táyà tírélà náà, ó jókòó síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn ará ilé Bàṣírù lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tó ti kú, títí Bàṣírù fi dá a lóhùn. Láti ọjọ́ náà, kò kọjá láì yà mọ́.

Ó sì ń yọ Ramlah lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kẹ́yìn, ìlà kan ṣoṣo ló kù tí Ramlah nílò kí ìwé rẹ̀ tó parí: kí bàbá rìn láti ilé dé igi kaṣú láì dúró. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó mú un búra. Bàbá búra, ó de nǹkan náà mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n gbéra, Ramlah ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Bó ti dé igba ìṣísẹ̀, ó yà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, òun àti Bàṣírù sọ̀rọ̀ nípa ọyẹ́, nípa ọ̀nà Òkèhò tí wọn kò tíì tún ṣe, fún ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Ramlah dúró sínú oòrùn. Ó fi ìbínú kọ ọ́ sábẹ́ ìlà náà pé: Ó bàjẹ́. Ó yà.

Bàbá yọjú wo ohun tó kọ. "Ó dáa," ló wí. "Jẹ́ kó wà níbẹ̀ pé mo yà."

Nínú ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ló kú. Ó ti oko dé, ó jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sùn, kò jí mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Kò sí ẹni tó gbé e lọ sí Ìbàdàn.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n ti sin ín tán, wọ́n ń jẹun ní àgbàlá, ìtàn kẹ̀kẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀. Festus sọ ti bàtà òjò, ó ní òun kò ní tà á fún ẹlòmíràn mọ́. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín dáadáa. Ìgbà náà ni Débọ́lá jáde láti inú yàrá pẹ̀lú agolo bísíkíìtì kan lọ́wọ́. Káàdì ilé ìwòsàn ló kún inú rẹ̀, ti ọdún mẹ́fà. Ó ń sunkún, ó ń bi àwọn ènìyàn bóyá wọ́n mọ̀ pé bàbá òun kò lè rìn ju igba ìṣísẹ̀ lọ kí ẹsẹ̀ tó máa ro ó, pé gbogbo ibi tó ń yà sí yẹn, ó ń sinmi ni.

Ẹ̀rín dá. Ẹ wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń fojú ka ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà lọ sí ojú títì. Bàṣírù gbé fìlà rẹ̀ dé, ó dìde láàárín wọn, ó lọ.

Ramlah bá a ní àgọ́. Ó ti yí bẹ́ǹṣì dojú kọ ògiri, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn táyà.

"Má tàn mí, Ramlah," ló wí. "Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń nu bẹ́ǹṣì yìí. Ṣé ẹsẹ̀ ló ń sinmi níbí, àbí Ládòkun ló ń kí mi?"

Ramlah kò fẹ́ parọ́ fún un. "Níbẹ̀rẹ̀, Bàbá, ẹsẹ̀ ni."

Bàṣírù mi orí. Ramlah ṣí tábúlẹ́ẹ̀tì, ó wá ìlà tó bàjẹ́ náà, èyí tó ti fẹ́ pa rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò sì pa rẹ́, ó jókòó sílẹ̀ tì í. Ó fi ìka tọ́ ọ fún un. Ó ní ibí ni bàbá ti gbéra nílé. Ibí ló ti rí ẹ̀yin. Ibí ló ti jókòó. Ìlà òsì lọ tààrà lókè, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé orí bẹ́ǹṣì, kò tẹ̀ síbì kankan. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún wo géèjì kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Bàṣírù nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó gbé ìka lé ìlà náà, ó tẹ̀ lé e lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ó kún?"

"Ó kún, Bàbá. Kò jò rárá. Ì bá kọjá dé igi kaṣú."

"Ó kún, ó sì yà."

"Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má yà," ni Ramlah wí. "Mo mú un búra. Ó yà."

Bàṣírù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gùn, omi sì ń dà lójú rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní alágídí ọkùnrin. Ó dìde, ó yí bẹ́ǹṣì padà kọjú sí ọ̀nà, ó mú àkísà, ó nù ún láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó wá fọwọ́ kàn án, ó wo Ramlah.

Ọkọ̀ Ṣakí tí Ramlah fẹ́ wọ̀ ti ń fọn fèrè ní gárééjì, òun sì ni èyí tó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Ramlah jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bàṣírù jókòó sórí táyà rẹ̀, ó béèrè ìyá rẹ̀, ó béèrè ìwé rẹ̀, ó béèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Ramlah dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.